Èló ló máa kàn mí lálẹ́ òní?

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fi gángan jẹun. Mi ò ka ìgbà èwe mọ́ ọn o, torí ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, Àyàn ló ṣíwájú orúkọ mi bó ṣe ṣíwájú orúkọ bàbá mi àti ti bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Bándì jùjú ni mò ń sọ, òde àríyá, òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìṣílé, ìwúyè, èyí tá a máa ń gbéra n'Íbàdàn láago méjì ọ̀sán tá a ò ní fojú kan ilé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí ti ń dùn mí nínú tipẹ́, ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ n kúkú bẹ̀rẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì.

Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti máa ń pín owó fún wa. Aago márùn-ún ìdájí, òde ti parí, gbogbo wa ti há sáàárín sípíkà àti àpótí ìlù, òógùn ti gbẹ mọ́ aṣọ lára wa, ọ̀gá ti bá mọ́tò tiwọn lọ. Mánìjà á wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní gbọ́ pìntìn. Àwọn tó ti sùn á jí fúnra wọn. Àyà mi á máa já ṣáá, torí mi ò mọ̀ bóyá ₦4,000 ló máa kàn mí tàbí ₦15,000, mo ti gba méjèèjì rí nínú oṣù kan náà, fún iṣẹ́ kan náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, gángan kan náà ló wà léjìká mi.

Ẹni tí kò bá sún mọ́ iṣẹ́ yìí lè má mọ bó ṣe ń lọ. Owó méjì ló wà níbi òde. Owó àdéhùn ni àkọ́kọ́, olóde àti ọ̀gá ló jọ sọ ọ́, wọ́n á san díẹ̀ sílẹ̀ kọ́jọ́ tó pé, ìyókù á di ọjọ́ òde. Ọ̀gá ló lowó yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó bọ́ọ̀sì, epo jẹnẹrétọ̀, owó ẹnjiníà, owó àwọn ọmọ ìta tó máa dúró sẹ́nu géètì pé sípíkà ò ní wọlé àfi táwọn bá gba nǹkan. Owó kejì lowó agbo, èyí tí àwọn èèyàn bá ná fún wa nígbà tí eré bá wọ̀ wọ́n lára. Inú owó agbo ni owó àwa ọmọ bándì ti ń jáde. Ọ̀gá á mú tiwọn níbẹ̀, irinṣẹ́ náà ní ìpín tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, gìtá àti sípíkà ń gba ìpín bí èèyàn, ẹni tó ni wọ́n ló ń bá wọn gbà á, ọ̀gá náà nìyẹn, ìgbà yẹn ni èyí tó kù á tó wá kan bọ́ọ̀sì, àgbà á gbà ju ọmọdé, ẹni tójú ọ̀gá gbà á gbà ju ẹni tójú wọn ò gbà.

Ìdí nìyẹn tí ojú onílù kì í fi í kúrò lára ọwọ́ èèyàn. Mo mọ̀ pé ẹ ti bínú sí wa rí, pé a tẹ̀ lé yín dé ìdí mọ́tò, pé a ò jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun, ẹ wá pè wá ní alágbe. Wọ́n ti pe bàbá mi bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àpò ẹlòmíì ni oúnjẹ àwọn ọmọ yín wà lóru ọjọ́ kan, tí onítọ̀hún lè mú un jáde, tó sì lè máa rẹ́rìn-ín sí yín kó jókòó lọ ní tiẹ̀, ojú tiyín náà ò ní kúrò lára ọwọ́ ẹ̀.

Owó agbo yìí náà wá ń já wa sílẹ̀ léraléra. Nígbà tí kòrónà dé tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé l'Ékòó àti Ògùn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, òde wọlẹ̀ lójijì, tiwa n'Íbàdàn náà ò rí òde lọ, kò sì sẹ́ni tó jẹ wá lówó oṣù tá a máa lọ bá, torí kò sẹ́ni tó gbà wá síṣẹ́ lórí ìwé. Nígbà tí ìyẹn tán, ọdún 2023 gbé ọ̀rọ̀ náírà tuntun dé, ẹ rántí oṣù kìíní sí oṣù kẹta yẹn, èèyàn á tò sídìí POS látàárọ̀ torí ₦2,000, ta ló wá fẹ́ kó bọ́ńdù jáde fún onílù? Ibẹ̀ ni tíráńsífà ti wọ agbo. Olóde á ní kí ọ̀gá ka nọ́ńbà àkáǹtì sínú ẹ̀rọ, fóònù á máa dún gbẹ̀ẹ̀n gbẹ̀ẹ̀n. Owó tó bá bọ́ sílẹ̀ lágbo, gbogbo wa la rí i. Owó tó bá wọ àkáǹtì, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló rí i. Nígbà tó sì di 2024, EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń ná náírà lóde, òfin náà ti wà látọdún 2007 nínú ìwé òfin báńkì àpapọ̀, ó kéré tán ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ₦50,000 tàbí méjèèjì, a kàn ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àfìgbà tí wọ́n rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lóṣù kẹrin ọdún yẹn tí gbogbo olówó ká ọwọ́ kò. Mi ò bá òfin jà. Kò yẹ kéèyàn máa fẹsẹ̀ tẹ owó orílẹ̀-èdè mọ́lẹ̀. Mo kàn ń sọ pé lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ kẹ́nì kankan béèrè lórí rédíò pé àwọn tí wọ́n ń ti ara owó yẹn jẹun ńkọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbowó oṣù, kódà kó kéré, ẹ lè má mọ ohun tí àìmọ̀ ń ṣe féèyàn. Ìyàwó mi á bi mí pé "Bàbá Ìbejì, èló ni kí n fojú sí lọ́sẹ̀ yìí?" Mi ò ní mọ ohun tí màá sọ, màá bínú sí i, ìbínú tí kò ṣẹ̀ mí fún. Mi ò lè bá wọn dá àjọ. Ẹ rò ó wò, àgbà ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń rí fọ́tò ẹ̀ lórí Facebook pẹ̀lú àwọn olówó, kò lè dá àjọ ₦5,000 lọ́sẹ̀ torí kò mọ̀ bóyá òun á rí i san lọ́sẹ̀ kẹta, èsúsú sì rèé, tó o bá ti já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan orúkọ rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Látọjọ́ Monday lara ti ń wúwo. Tó bá fi máa di Friday inú á ti máa run mí. Mo rò pé ulcer ni, mo lo oògùn ulcer fún ọdún méjì.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn lójú wa. Ìdùnnú là ń tà. Màmá mi kú lọ́jọ́bọ̀ kan, òde sì wà n'Íjẹ̀bú-Òde ní Sátidé. Mo pe ọ̀gá, wọ́n bá mi kẹ́dùn tọkàntọkàn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n fi ₦10,000 ránṣẹ́, wọ́n wá ní "Àyàn, o mọ̀ pé a ti gbowó lọ́wọ́ wọn, ìwọ gan-an sì lolóde dárúkọ." Mo lọ. Ọgọ́rin ọdún màmá olóde la wá bá wọn ṣe. Mo dúró níwájú màmá náà, mò ń fi gángan kì wọ́n, mò ń sọ pé wọ́n á pẹ́ láyé, pé ojú wọn ò ní rí ibi. Màmá ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ mi mú, àwọn ọmọ wọn yí wa ká wọ́n ń náwó. Màmá tèmi wà ní mọ́ṣúárì lásìkò yẹn. Ẹni tó bá mọ gángan mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan la fi ń lù ú, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ara rẹ kí awọ tó lè bá ọ sọ ọ́. Torí náà gbogbo "màmá, ẹ óò pẹ́ fún wa" tí mo lù lóru yẹn, mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta mo yọ́ bọ́ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, ibi tẹ́nì kankan ò ti ní gbọ́ mi, mo sunkún tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Elégbè kan ló wá mi wá pé ọ̀gá ń béèrè mi, àwọn àna màmá ti dé, wọ́n ń retí kí n wá kì wọ́n.

Mo nu ojú, mo padà. Mo sì lù ú dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá rántí.

Ti etí ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní ariwo tó bá ti tó 85 desibẹ́ẹ̀lì, wákàtí mẹ́jọ ni kéèyàn gbà á mọ lóòjọ́, tó bá fi mẹ́ta lé sí i kí wákàtí náà pín sí méjì, tó bá fi máa di 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Àwa ń dúró níwájú sípíkà fún wákàtí méje. Etí ọ̀tún mi ń hó látọdún 2016, bí ìgbà tí omi bá ń hó nínú kẹ́túlù tí kò sì ní jinná láéláé, òru tí gbogbo ilé bá dákẹ́ ló máa ń pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ògógóró àti tramadol tí àwọn ọmọdé inú bándì ń lò kí ojú wọn lè dá títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, ó tó kọ fúnra ẹ̀.

Nǹkan míì wà tó ń dí wa lójú, ẹ̀bùn ọ̀gá. Ọ̀gá lè má sọ iye tí wọ́n máa san fún ọ, àmọ́ wọ́n á ra máṣíìnì fún ọ, wọ́n á san owó ilé ìwòsàn nígbà tí ìyàwó rẹ bá bímọ, nínú bándì fújì wọ́n tiẹ̀ máa ń gbé ọmọ lọ Mẹ́kà. Inú wa á dùn, a ó kúnlẹ̀, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹni tó fún ọ lè gbà á padà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ sinmi ní bándì, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ránṣẹ́ wá gba máṣíìnì tí mo ti ń gùn fún ọdún mẹ́rin, níṣojú àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lẹ rántí pé ìjà lórí máṣíìnì náà ló yọrí sí ikú Àyìnlá Ọmọwúrà l'Ábẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1980, láàárín òun àti ẹni tó ti jẹ́ mánìjà ẹ̀ rí. Orin Àyìnlá làwa ń kọ, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ máṣíìnì yẹn.

Ẹni tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta básì nínú bándì wa. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ti wà nídìí básì kí n tó débẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, tí wọ́n bá ti ń ta á ọkàn mi máa ń balẹ̀ torí mo mọ̀ pé ibi yòówù kí gángan fò lọ, màá bá wọn nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́bùn kan, wọ́n lè máa ta gìtá kí wọ́n máa fojú ka owó agbo. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún, dọ́là tó bá já bọ́. Tí òde bá parí wọ́n á sọ sí mi létí pé "Àyàn, ó lé ní ₦600,000 lónìí o", ká tó dénú bọ́ọ̀sì ká rí i pé ₦70,000 ni mánìjà fẹ́ pín fún èèyàn mẹ́rìnlá. Níbẹ̀rẹ̀ a máa ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n kàn ń kà á. Ìyàwó wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láago méjì òru Tuesday, ọjọ́ tí kò sí òde, wọ́n á máa ka owó òde ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òde Abẹ́òkúta, òde Òṣogbo, òde Ìkòròdú, iye tó bọ́ sílẹ̀, iye tó kan àwọn. Oorun lọ. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Wọ́n á wá rìhásà, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé básì wọn tà, tiwọn gan-an, èyí tí wọ́n fi ọdún méjì san owó ẹ̀.

Kí la ṣe? Mo ní láti sọ òótọ́. Àwa ọmọ bándì la kọ́kọ́ ń sọ ọ́ káàkiri pé orí ẹ̀gbọ́n ti dàrú. Ọ̀kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n, ọ̀kan ní igbó ni wọ́n fà. Mo wà níbẹ̀ mi ò fọhùn, mi ò sì lọ kí wọn fún oṣù méjì gbáko. Ẹbí ti gbé wọn lọ orí òkè, wọ́n ti gbààwẹ̀ fún wọn, kí àbúrò wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó fàáké kọ́rí pé Aro lòun ń gbé wọn lọ. Àwa Yorùbá, tá a bá ti gbọ́ Aro, ẹni tó ń rìn níhòòhò lójú títì lọkàn wa máa ń lọ bá. Wèrè nìkan lọ̀rọ̀ tá a ní lẹ́nu, òfin ìjọba gan-an, òfin wèrè ló ń jẹ́ látìgbà òyìnbó títí wọ́n fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun lóṣù kìíní 2023. Bẹ́ẹ̀ Aro yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó ń dáná fún un, tí òkìkí ẹ̀ fi kàn dé òkè òkun.

Nígbà tí mo wá lọ kí wọn, ara wọn ti ń bọ̀ sípò. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní dókítà bi àwọn ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, àwọn ń dá a lóhùn, títí ó fi béèrè pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń rí tó èló lóṣù?" Ìyẹn ni wọn ò rí dáhùn. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n wọn lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú àwọn tí kò sì dá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n pe àìsàn náà, wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n ní kí wọ́n rí i pé àwọn ń sùn lóru. Ẹ gbà mí, olórin tí wọ́n ní kó máa sùn lóru, kí ló máa jẹ?

Kì í ṣe àwa nìkan kẹ̀. Ní 2016 Yunifásítì Westminster ní London ṣe ìwádìí kan fún Help Musicians UK, àwọn 2,211 tó ń ṣiṣẹ́ orin ló dá wọn lóhùn, 71.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ti ní ìpáyà tàbí àníyàn tó le, 68.5 ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá àwọn fínra. Ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á, mo kà á mo rí ara mi, owó tí kò dúró sójú kan àti ìgbésí ayé tí kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Èyí sì jẹ́ níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin ti wà látọdún 1893, tó ń sọ iye tó kéré jù tó yẹ kí olórin gbà kó tó gòkè. Àwa ní PMAN, àwọn èèyàn ńlá sì ti ṣe ààrẹ ẹ̀, àmọ́ ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé ìjọba, ẹgbẹ́ àwọn olórin tó gba èèyàn síṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá. Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń lu omele?

Mo mọ̀ pé ó nira fún ẹ̀yin ọ̀gá náà. Mo ti rí olóde tó sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ nígbà tó ku ìdajì owó, mo ti rí ọ̀gá tó ta mọ́tò kó lè sanwó ẹ̀rọ, tí ẹnì kankan nínú bọ́ọ̀sì ò mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ gbèsè torí wa. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún, ẹ sọ iye ẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Kó jẹ́ ₦8,000, kó jẹ́ ₦20,000, ẹ ṣáà sọ ọ́, kí owó agbo tó bá lé wá dà bí ẹ̀bùn Ọlọ́run. Tó bá kéré jù fún mi màá jókòó sílé, màá wá nǹkan míì ṣe, èyí náà dáa ju kí n máa fi ọkàn mi ta tẹ́tẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mi ò sí ní bándì ọ̀gá mọ́. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe tiwa báyìí, gángan, básì, kíbọ́ọ̀dù, dírọ̀ọ̀mù, olórin kan, ìgbéyàwó kéékèèké àti ṣọ́ọ̀ṣì la máa ń bá ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni olórin wa máa ń fi iye tó kàn wá ránṣẹ́ sórí WhatsApp, owó á sì ti wọ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan kí a tó jáde nílé ní Sátidé. Kò pọ̀. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ka iye yẹn fún ìyàwó mi, ó ní kí n tún un kà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ, ó wá pín in lábẹ́ ẹ̀, ti oúnjẹ, ti lẹ́sìn, ti àjọ. Mo ti gba àjọ lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà. Inú ò run mí mọ́, etí ṣì ń hó.

Ẹ̀gbọ́n ló ń ta básì wa. Wọ́n ṣì ń lo oògùn wọn, aago mọ́kànlá alẹ́ la máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Sátidé tó kọjá a ń bọ̀ látòde kan ní Ṣágámù, ọwọ́ ìdájí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu dírọ̀ọ̀mù fún wa bi wọ́n pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rò pé èló ló bọ́ sílẹ̀ lónìí?" Wọn ò dá a lóhùn. Mo yíjú wò wọ́n, wọ́n ti gbé orí lé àpótí básì, wọ́n ń hanrun, wọ́n sì sùn bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Ìbàdàn.